Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Àwọn Ọba Èkìtì: Ẹ jẹ́ kí ilé amọ̀ padà sí ààfin

Sí ẹ̀yin Aláyélúwà, ẹ̀yin ọba Pelúpelú àti gbogbo ẹ̀yin olórí adé ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì,

Kábíyèsí o. Mo kúnlẹ̀ níwájú yín. Adé á pẹ́ lórí, bàtà á pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ọmọbìnrin Ìjerò ni mí, iṣẹ́ ilé yíyà ni mo ń ṣe, Adó-Èkìtì ni mo sì ti ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá. Amọ̀, òkúta àti igi tí ó wà lórí ilẹ̀ Èkìtì ti di ohun ìtìjú lójú àwọn ọmọ Èkìtì. Ẹ̀yin ni ẹ lè mú ìtìjú náà kúrò. Ìjọba lè ṣe òfin, àwa tí a kọ́ iṣẹ́ náà lè ya àwòrán títí ọwọ́ á fi ro wá, ṣùgbọ́n bí ààfin kò bá kọ́kọ́ gbà, kò sí onílé kan tí yóò gbà.

Mo mọ ohun tí mo ń wí. Àwọn tó ń wá bá mi fún púláànù ilé máa ń mú fọ́tò dání nínú fóònù wọn. Ilé ẹni tó ti Èkó dé ni ọ̀pọ̀ nínú fọ́tò náà, tàbí ilé ẹni tó ń gbé òkè òkun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó bá tẹ̀ lé wọn wá a máa sọ pé, "Ṣé o ti rí iwájú ààfin tuntun yẹn? Irú ẹ̀ la fẹ́." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí látijọ́. Kọ̀bì, ìyẹn apá ilé tó yọ jáde síwájú lára ààfin, ọba nìkan ló lè ní in lára ilé rẹ̀. Àlejò tó bá wọ ìlú, iye àgbàlá tó bá gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ọba ló fi ń mọ bí ọba náà ṣe tó. Ìjòyè á wo ààfin kó tó mọ irú òpó tó yẹ kí òun gbẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun, baálé á wo ilé ìjòyè. Nígbà tí páànù dé, ààfin àti ilé ìjọsìn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ká bẹẹrẹ kúrò lórí ilé. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì dé, ọ̀nà kan náà ló gbà wọ ìlú. N kò dá àwọn bàbá yín lẹ́bi o. Ohun tuntun ni, ó lágbára, ó ń dán, wọ́n sì fẹ́ kí ìlú wọn ní in. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni amọ̀ lè gbà padà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ńlá nì. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1873, Ìṣẹ̀ ló gbé, ọ̀dọ̀ Arínjalẹ̀, ọba Ìṣẹ̀, ni orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ tàn. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924, wọ́n kó ilẹ̀kùn kan nínú iṣẹ́ náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, rí i, wọ́n sì fẹ́ ẹ. Ògògà kò ta á. Ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn dípò. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Òpó kan láti ààfin kan náà, èyí tí ọba jókòó sí iwájú, tí ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀, wà ní Chicago ní Amẹ́ríkà. Ní Ẹ̀fọ̀n, Agbonbiofe Adéṣínà gbẹ́ òpó tirẹ̀ fún ààfin Aláayè ní nǹkan bí àkókò kan náà.

Ó ń dùn wá pé àwọn nǹkan wọ̀nyí wà lẹ́yìn odi, ó sì yẹ kó dùn wá. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí a kì í sọ. Ọlọ́wẹ̀ kò gbẹ́ òpó kó lè dúró sínú gíláàsì. Ó gbẹ́ ẹ kó lè ru òrùlé. Òpó náà dúró létí àgbàlá, ògiri amọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, òjò ń ṣàn láti etí òrùlé sínú kòtò tó wà láàárín, ìmọ́lẹ̀ ń gba òkè wọlé. Ilé náà àti òpó náà, iṣẹ́ kan ni. Òyìnbó rí igi gbé lọ, kò rí ògiri gbé lọ. Ògiri ṣẹ́kù sọ́wọ́ wa. Níbi púpọ̀ ní Èkìtì, àwa fúnra wa la fi katapílà wó o.

Mo ti wọ ààfin tí wọ́n ń tún ṣe, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí wọ́n ti wó àgbàlá àtijọ́ mẹ́ta lulẹ̀ kí àyè ìgbọ́kọ̀sí lè wà. Ògiri náà nípọn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Katapílà tì í, kò ṣubú. Ó sún sẹ́yìn, ó tún tì í. Àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ pé ògiri náà le bí àpáta, síbẹ̀ nínú ìwé tí kọngilá kọ, "ilé tó ti gbó" ni wọ́n pè é. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ níwájú yín lọ.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń pe ilé amọ̀ ní ilé tálákà ni kò rí bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n rí. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Nígbà tí òjò bá ti dá, láti ìparí oṣù kọkànlá, ni mọlémọlé máa ń bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ gé ilẹ̀ dúdú òkè kúrò, nítorí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà tó wà nínú rẹ̀ ò jẹ́ kí ògiri dúró. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti pupa, ló ń wá. Á bu díẹ̀ sọ́wọ́, á pò ó, á yí i bí àkàrà, á fi í sínú oòrùn. Bó bá sán, amọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ń fẹ́ iyanrìn. Bó bá fọ́ sọ́wọ́ bí gààrí, amọ̀ inú rẹ̀ kò tó. Mọlémọlé kò ní ẹ̀rọ kankan tó fi ń wọn nǹkan wọ̀nyí. Ọwọ́ àti ojú ló ń lò, ohun tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń fi yàrá àyẹ̀wò wá lónìí náà sì ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da omi sí i. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á bọ́ sínú kòtò, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi máa fà. Wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó kó má baà gbẹ, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó sùn mọ́jú, wọ́n á tún padà wá tẹ̀ ẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé omi gbọ́dọ̀ dé inú gbogbo hóró amọ̀ pátá. Èyí tó bá gbẹ nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ògiri á ti là. Nígbà tó bá jinná tán, wọ́n á máa ṣù ú, wọ́n á máa jù ú sókè, mọlémọlé á máa gbà á, á máa fi gbogbo agbára lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n á mọ ọ́n dé orúnkún, wọ́n á dúró. Bí ìpele yẹn kò bá gbẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé òmíràn lé e. Ẹni tó bá kánjú, ìwúwo òkè á tẹ ìsàlẹ̀ jáde. Ìdúró yẹn ló mú kí ilé amọ̀ ní àkókò tirẹ̀, òun náà ló sì mú kí ó jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ìlú: lónìí ẹ ṣe ti Lágbájá, lọ́la bí tiẹ̀ bá ń gbẹ, ẹ kọjá sí ti Tàmẹ̀dò. Àáró nìyẹn. Ẹni tí kò lè dá àáró padà á bẹ ọ̀wẹ̀, á gún iyán, á dá ẹmu sílẹ̀, ilé á dúró.

Àwọn obìnrin ló ń parí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni a kì í dárúkọ wọn. Ìyá àgbà mi ní Ìjerò a máa po ìgbẹ́ màlúù mọ́ amọ̀ kíkúnná, á fi ọwọ́ rẹ́ ẹ sára ògiri láti òkè wá sísàlẹ̀, á sì fi òkúta odò tó ń dán ra á títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Ilẹ̀ yàrá náà, èédú gígún ló ń pò mọ́ ọn kó lè dúdú. Ní ọdọọdún, bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, òun àti àwọn ìyàwó ilé á tún un rẹ́. Ìgbẹ́ màlúù kì í rùn nígbà tó bá gbẹ tán. Fọ́nrán koríko inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ògiri là, ó sì máa ń mú kí omi òjò ṣàn kúrò dípò kó wọ inú. Ní àwọn ilẹ̀ òkè ọya, dé Bùrùkínà Fasò, omi tí wọ́n sè láti ara èèpo èso igi irú ni wọ́n ń fi kùn ún lórí, ó ń le bí ọ̀dà.

Ẹ wo ohun tí ògiri náà ń ṣe lẹ́yìn tó bá dúró. Oòrùn á máa ta á láti àárọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ó nípọn, ooru náà kì í tètè là á kọjá. Ìgbà tí yóò bá fi dé inú yàrá, alẹ́ ti lẹ́, atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́. Nígbà ọyẹ́, ooru tí ògiri gbà lọ́sàn-án ló ń mú kí ara àwọn tó sùn móoru lóru. Amọ̀ a tún máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á sì tú u sílẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Àjà tó wà lókè, tí wọ́n fi igi tẹ́, tí wọ́n fi amọ̀ bò, ni ibi tí a ń kó nǹkan sí, òun ló sì ń dínà iná. Bí bẹẹrẹ òkè bá jóná, ọ̀pọ̀ ìgbà ni iná kì í lè wọ inú yàrá.

Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, búlọ́ọ̀kù oníhò, páànù lórí, fèrèsé gíláàsì tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn: ní agogo mẹ́ta ọ̀sán nínú oṣù kẹta, ẹ wọ inú ilé bẹ́ẹ̀ ní Adó, kí ẹ jókòó láìtan fáànù. Onílé á ra ẹ̀rọ amúlétutù, iná mànàmáná á lọ, á tan jẹnẹrétọ̀, owó epo á pọ̀ ju owó oúnjẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ́ ṣẹ́ẹ̀dì sí ẹ̀yìnkùlé, á sì máa jókòó síbẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ti rí i láìmọye ìgbà: olówó tó kọ́ ilé ńlá, tó ń gbé abẹ́ igi.

Owó náà ń lọ. Sìmẹ́ǹtì tí a ń fi kọ́lé ní Èkìtì, Ọbajánà, Ewékorò, Ìbèsè ló ti ń wá. Gbogbo àpò tí ọkọ̀ ajágbé bá já sílẹ̀ ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ọ̀tùn, owó ọmọ Èkìtì ló fi ọ̀nà kan náà padà lọ. Amọ̀ wà ní kòtò ẹ̀yìn ilé. Ẹni tí a bá sanwó fún láti tẹ̀ ẹ́, ọjà Ọba ni yóò ná an sí. Kí a má tilẹ̀ sọ ti ayé tó ń gbóná. Láti sun òkúta di sìmẹ́ǹtì, iná tó tó 1,450 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì ni wọ́n ń dá, òkúta náà fúnra rẹ̀ sì ń tú èéfín kábọ́ọ̀nù sílẹ̀ bó ti ń jóná. Nínú 100 ìdá kábọ́ọ̀nù tí ọmọ ènìyàn ń tú sójú ọ̀run, nǹkan bí 8 ló ti ara sìmẹ́ǹtì wá.

Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kàn báyìí, ìkáwọ́ yín ló sì wà jù. Èkìtì kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Olósùnta àti Orólè ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n àti Òkèmẹ̀sí ká, àwọn àpáta tó yọ orí sókè láàárín oko ní ibi gbogbo, òun ni ilẹ̀ tí a bá. Àwọn baba wa mọ bí a ṣe ń bá a gbé. Ní Ẹ̀fọ̀n, ilé àtijọ́ ń tẹ̀ lé ìdagẹ̀rẹ́ òkè. Èyí tó wà lókè ga díẹ̀ ju èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ, òkúta ni wọ́n fi gbé ìdí rẹ̀ dúró, omi sì ní ọ̀nà tó ń gbà láàárín wọn. Àpáta tó bá wà nínú àgbàlá, wọn kì í fọ́ ọ. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń sá ẹ̀gẹ́ àti ata, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn àgbà ń jókòó sí.

Lónìí, ohun àkọ́kọ́ tí à ń ṣe ni pé kí katapílà gé òkè náà pẹrẹsẹ. Wọ́n á hú gbogbo igi, wọ́n á fọ́ àpáta, wọ́n á da sìmẹ́ǹtì bo ilẹ̀ láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Omi òjò tí ilẹ̀ máa ń mu tẹ́lẹ̀ kò ríbi wọ̀ mọ́. Àwọn baba wa ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ṣùgbọ́n àgbàrá tí ilé òkè bá lé jáde, ilé ìsàlẹ̀ ló ń yà sí. Ẹni tó gé òkè lè má fojú rí ọ̀gbàrá tó dá sílẹ̀, nítorí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ló wà. Mo ti wo ilé tí ìdí rẹ̀ ti ṣófo báyìí ní ìsàlẹ̀ òkè kan ní Adó. Onílé náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tàbí àwọn olórí ẹbí tó wà lábẹ́ yín ni ẹ máa ń fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó di ti ẹni tó rà á. Ẹ lè sọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó bá ra ilẹ̀ lórí òkè kò gbọdọ̀ gé òkè náà ju bí ilé ṣe nílò lọ. Ẹ lè ní kí ó dá àwọn igi ńlá sí, kí ó sì jẹ́ kí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé máa mu omi. Ẹnikẹ́ni kò ní í bá yín jà lórí èyí. Igbó ìmàlẹ̀ tó yí àwọn ìlú wa ká, ohun tó dá a sí títí di ìsinsìnyí ni pé ọba kan sọ nígbà kan pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ẹni tó bá máa kà mí lẹ́nu yóò sọ pé amọ̀ ń wó, ikán ń jẹ igi, bẹẹrẹ ń gbiná. Òótọ́ ni. Kò sí ìdí kankan tí mo fi ní láti bò ó mọ́lẹ̀. Ilé amọ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú ọdọọdún, bí ìyá àgbà mi ti ń ṣe. Omi ni ọ̀tá rẹ̀, ọ̀nà méjì ni omi sì ń gbà dé ara rẹ̀: láti ilẹ̀ àti láti òkè. Ti ilẹ̀, kí ìpìlẹ̀ jẹ́ òkúta tó ga kúrò lórí ilẹ̀ tó orúnkún, Èkìtì kò sì lè wí pé òun kò ní òkúta. Òkúta náà ló ń dínà ikán. Ti òkè, kí etí òrùlé ó nà jáde dáadáa, kí òjò tó ń fẹ́ má lè dé ara ògiri. Bí mo bá rí ilé amọ̀ tó wó, nígbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, òrùlé ló kọ́kọ́ lu, tí ẹnikẹ́ni kò sì tún un ṣe.

Ti bẹẹrẹ, n kò ní kí ìlú padà sí i. Bẹẹrẹ àti ewé gbòdògí kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó bíi ti tẹ́lẹ̀, ìlú sì ti fún pọ̀ jù láti máa bá iná ṣeré. Kí ilé fi páànù bo orí, kò burú, bí a bá gbé páànù náà ga kúrò lórí àjà, tí atẹ́gùn ń gba àárín wọn kọjá. Bí Francis Kéré, ayàwòrán ilé, ti ṣe é nìyẹn ní abúlé Gando ní Bùrùkínà Fasò. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó kọ́ síbẹ̀ parí ní 2001. Búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí sìmẹ́ǹtì díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni ògiri, páànù náà sì léfòó lókè. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló kọ́ ọ. Ní 2022, wọ́n fún Kéré ní ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó tóbi jù nínú iṣẹ́ wa lágbàáyé, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ilé amọ̀ ti abúlé rẹ̀ ni ayé fi mọ̀ ọ́n.

Kí a má lọ jìnnà. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé, ọmọ Ìdùmújẹ̀-Ugboko ní Ìpínlẹ̀ Delta, kọ́ ilé ìsìn àwọn Dominican sí Ìbàdàn ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Búlọ́ọ̀kù tí a fi ilẹ̀ pupa àti sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ṣe wà lára ohun tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró nínú ilé ìsìn náà lọ́sàn-án gangan kò ní í bèèrè ẹ̀rọ amúlétutù. Ní 2023, wọ́n bu ọlá fún Nwoko ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ilé àti ọ̀nà, NBRRI, ti ń ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀ pupa di búlọ́ọ̀kù tó ń wọ ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ lè má ju ìdá 5 nínú 100 lọ, wọn kì í sì í sun ún níná. Ìmọ̀ yìí wà nílẹ̀. Ẹni tí ìlú ń wò ni kò tíì lò ó.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí ààfin kọ̀ọ̀kan tó ní àgbàlá amọ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù má wó o. Ìbáà jẹ́ pé ààfin tuntun onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà níwájú, kí ti ẹ̀yìn dúró, kí a tún òrùlé rẹ̀ ṣe, kí a sì máa lò ó. Ilé tí a kò lò ló ń wó. Kí ààfin tí kò ní in mọ́ kọ́ gbọ̀ngàn ìgbẹ́jọ́ kan, ó lè má tóbi, kí ìdí rẹ̀ jẹ́ òkúta ìlú náà, kí ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ ìlú náà, kí àwọn òpó rẹ̀ ti ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì jáde. Ẹ ò ní í wá ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ jìnnà. Ẹní Ògòtún tó lókìkí dé Èkó lè jẹ́ àjà rẹ̀. Àwọn amọ̀kòkò Ìsàn lè mọ àwo tí a ó fi tẹ́ ojú ilẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ti fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ní Ilé-Ifẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbé adé wá. Bíríkì alámọ̀ sísun, Ìrè ti ṣe é rí, ìlú Ògún sì ni.

Kí ẹ pe ọ̀wẹ̀ sí iṣẹ́ náà. Èyí ló ká mi lára jù. Àwọn mọlémọlé tó mọ bí a ṣe ń yí amọ̀ wò lọ́wọ́, àgbà ni wọ́n. Àwọn ọmọ wọn ti di ọlọ́kadà àti bírìkìlà oníbúlọ́ọ̀kù. Ó di ìgbà tí ọba bá ránṣẹ́ pè wọ́n kí wọ́n tó gbà pé ohun tí wọ́n mọ̀ níye lórí, kí àwọn ọ̀dọ́ tó wá dúró tì wọ́n wò. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa wá tẹ amọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara wọn níwájú ààfin. Àwọn obìnrin tó mọ bí a ṣe ń rẹ́ ògiri, ẹ pè wọ́n lórúkọ, kí ẹ sì sanwó fún wọn bí ẹ ti ń sanwó fún káfíńtà.

Ẹ tún bá wa bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí púláànù ilé, ẹni tó bá gbé ilé amọ̀ wá, wọ́n á wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Kò sí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà "rárá" ló rọrùn jù láti sọ. Ọ̀rọ̀ mi kò lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ti yín lè ṣí i.

Òjò ọdún yìí á dá ní ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, ilẹ̀ á gbẹ, àsìkò mọlémọlé á dé. Ọba tó bá gbà láti kọ́kọ́ ṣe é, mo ti ṣetán láti wá wo ilẹ̀, láti yẹ amọ̀ ibẹ̀ wò, kí n sì ya gbọ̀ngàn náà láìgba kọ́bọ̀. Mo mọ mọlémọlé àgbà méjì ní agbègbè Ìjerò tí ọwọ́ wọn ṣì le, wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwọn á wá bí ààfin bá ránṣẹ́. Ohun tí a nílò lọ́wọ́ yín ṣáájú oṣù kọkànlá ni ibi tí a ó gbẹ́ amọ̀ sí àti ọjọ́ tí ẹ ó pe ọ̀wẹ̀.

Kábíyèsí o.

Èmi ni ọmọ yín,
Ayàwòrán ilé kan láti Ìjerò-Èkìtì